Ojú ọjọ́ ti yí padà: Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni ká fi pàdé rẹ̀

Bí àgbẹ̀ méjì bá pàdé lójú ọ̀nà oko lóde òní, kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ọ̀kan á ní òjò àkọ́rọ̀ tan òun jẹ, pé ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun gbin àgbàdo, ló bá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo irúgbìn òun sì jóná mọ́lẹ̀. Èkejì á ní ti òun tún yàtọ̀, pé òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ló wá gbé ebè òun lọ tiṣutiṣu. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ayé ti bàjẹ́, oníkálukú á sì gba oko tirẹ̀ lọ.

Ibi tí oníkálukú ti ń gba oko tirẹ̀ lọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà lónìí.

Kò sí àríyànjiyàn mọ́ pé ojú ọjọ́ ti yí padà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èéfín epo rọ̀bì, èédú inú ilẹ̀ àti gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá ń jó káàkiri àgbáyé ló ń bo ayé mọ́lẹ̀ bí aṣọ òtútù, tí ooru kò fi ráyè jáde bó ṣe yẹ. Bí ooru bá pọ̀, afẹ́fẹ́ á fa omi púpọ̀ sókè kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ á gbẹ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá sì máa da omi náà padà, lẹ́ẹ̀kan náà ló máa dà á sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dá àti àgbàrá fi ń bá ara wọn rìn bíi tọkọtaya.

Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà papọ̀ kò dá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èéfín náà. Ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè ńlá wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká máa pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò kì í dúró de ìdájọ́ kó tó gbé igbá síbi tí omi ti ń kán.

Ìwádìí fi hàn pé àwọn kan ti gbé igbá tiwọn síbẹ̀. Wọn kì í ṣe òyìnbó, wọn kì í sì í ṣe olówó. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, níbi tí òjò ti kéré sí tiwa gan-an. Ohun tí wọ́n sì fi ṣe é kò ṣàjèjì sí ilé Yorùbá: ohun tí a ń pè ní àáró àti ọ̀wẹ̀ ni.

*Ilẹ̀ tó le bí òkúta ní Yatenga*

Orílẹ̀-èdè Burkina Faso wà lókè Gánà, Tógò àti Benin. Lápá àríwá rẹ̀ ni ẹkùn Yatenga wà, ìlú Ouahigouya sì ni olórí ibẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Mossi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òjò tí wọ́n ń rí láàárín ọdún kan kò ju bí ìdajì èyí tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ. Jéró àti ọkà bàbà ni oúnjẹ wọn.

Láti ọdún 1968 títí di 1974, ọ̀dá ńlá bo gbogbo agbègbè náà mọ́lẹ̀. Omiran tún dé ní 1983 àti 1984. Ilẹ̀ gbẹ, ó sì le débi pé bí òjò bá tiẹ̀ rọ̀, omi kì í wọlẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń gbà ṣàn lọ. Kànga gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ kó ẹrù wọn, wọ́n gba ọ̀nà Côte d'Ivoire lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó. Àwọn arúgbó, obìnrin àti ọmọdé ló kù sílé.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bernard Lédéa Ouédraogo, olùkọ́ ni. Ó kíyè sí i pé àwọn Mossi ní ẹgbẹ́ àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní kombi-naam, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń para pọ̀ ṣiṣẹ́ lóko fún ara wọn àti fún ìlú. Lọ́dún 1967, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé, wọ́n sì ń pè é ní Naam. Kò kó ẹgbẹ́ tuntun wọ̀lú láti òkè òkun. Èyí tó wà nílẹ̀ ló tún ṣe. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí ló wá ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n ń mọ ìsédò kéékèèké, tí wọ́n sì ń to òkúta sóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ kò sí. Lọ́dún 1990, wọ́n fún Ouédraogo ní àmì ẹ̀yẹ Right Livelihood, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àbúrò ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òkúta yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àjọ Oxfam wá sí Yatenga, igi ni wọ́n sì ní lọ́kàn láti gbìn. Àwọn àgbẹ̀ sọ fún wọn pé oúnjẹ ló ká àwọn lára jù, pé ká kọ́kọ́ dá omi dúró fún ọkà. Àjọ náà gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Láyé àtijọ́, àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń to òkúta sóko kí àgbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ, àmọ́ ojú lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí ìlà òkúta náà bá sì dà sí apá kan, ibẹ̀ ni omi máa gbà já. Ohun tí Oxfam fi kún un kò ju rọ́bà omi gígùn kan lọ, èyí tí omi inú rẹ̀ ṣeé rí láti ìta, tí wọ́n so mọ́ igi méjì. Àwọn bíríkìlà wa náà ń lò ó láti mọ̀ bóyá fáúndéṣọ̀n dọ́gba. Kò wọ́n, ẹni tí kò mọ̀wé sì lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì.

Bí wọ́n ṣe mọ ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba nìyẹn, tí wọ́n to òkúta tẹ̀lé e. Òkúta náà kò dí omi pa, ńṣe ló ń dá a dúró kó lè rọra wọlẹ̀, ó sì ń gba ewé gbígbẹ àti ilẹ̀dú tí omi ń gbé bọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Òkúta fún hẹ́kítà kan ṣoṣo máa ń kún ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Omi kò sì mọ ààlà oko. Bí ẹni tó wà lókè kò bá to tirẹ̀, àgbàrá oko rẹ̀ ni yóò wó ti ẹni tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo abúlé ló ní láti jáde.

*Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú*

Ní abúlé Gourga, tí kò jìnnà sí Ouahigouya, ni Yacouba Sawadogo ti jáde. Kò ka ìwé òyìnbó. Ó fi iṣẹ́ òwò sílẹ̀ lọ́jà nígbà ọ̀dá, ó padà sóko. Àwọn bàbá wọn ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní zaï: ihò kéékèèké ni wọ́n ń gbẹ́ káàkiri oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Sawadogo mú kí ihò náà fẹ̀, kó sì jìn sí i. Ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ní fífẹ̀, àti 10 sí 20 ní jíjìn. Ó wá ń da ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ náà ń pe ikán, ikán ń lu ihò sínú ilẹ̀ líle náà, ihò yẹn sì ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀.

Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ta ló ń gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí òjò kò tíì rọ̀? Àwọn kan tiẹ̀ dáná sun àwọn igi tó ń hù lóko rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkà rẹ̀ yọ, tí tiwọn kò yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó.

Ibi tí ìtàn Sawadogo ti kan ọ̀rọ̀ wa jù nìyí. Kò fi ọgbọ́n náà pa mọ́. Láti ọdún 1984 ló ti ń pe àwọn àgbẹ̀ abúlé káàkiri jọ sí oko rẹ̀ bí ẹni ń ná ọjà. Oníkálukú ń gbé irúgbìn tó ṣe dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀ wá, wọ́n ń pààrọ̀, wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí fún ara wọn. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn náà dá ẹgbẹ́ zaï tiwọn sílẹ̀.

Àwọn tó wo iṣẹ́ náà fínnífínní sọ pé láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 200,000 sí 300,000 tó ti di ahoro ló padà di oko ní Burkina Faso. Igbó tí Sawadogo fúnra rẹ̀ gbìn súnmọ́ hẹ́kítà 40. Lọ́dún 2018, òun náà gba àmì ẹ̀yẹ Right Livelihood. Ó jáde láyé ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023.

*Igi tó sùn sínú ilẹ̀ ní Maradi*

Lórílẹ̀-èdè Niger, ní agbègbè Maradi tó bá Katsina wa pààlà, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ọmọ ilẹ̀ Australia kan, Tony Rinaudo, ń gbin igi níbẹ̀ fún àwọn ará abúlé, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú igi náà ló ń kú. Lọ́dún 1983, ó dúró lójú ọ̀nà, ó wo igbó kéékèèké kan dáadáa, ó sì rí i pé kì í ṣe koríko. Kùkùté igi tí wọ́n ti gé ni, tó ń rúwé padà. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ilẹ̀.

Ohun tó kù láti ṣe kò gba owó. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó ń yọ lára kùkùté, àgbẹ̀ á yan mẹ́ta sí márùn-ún tó dára, á gé ìyókù dáná, á sì dáàbò bo èyí tó yàn kí ẹran má jẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gé e.

Iṣẹ́ ńlá wà nínú "kí ẹnikẹ́ni má sì gé e" yẹn. Òfin ìgbà náà sọ pé ìjọba ló ni igi, torí náà kò sí àgbẹ̀ tó fẹ́ ṣọ́ igi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá sì dá igi sí lónìí, aládùúgbò rẹ̀ lè gé e lóru. Nígbà ìyàn 1984, wọ́n ń fún àwọn ará abúlé lóúnjẹ kí wọ́n lè dá igi sí. Wọ́n dá a sí. Nígbà tí oúnjẹ tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé àáké padà, wọ́n gé igi náà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ìṣọ̀kan tí wọ́n fi oúnjẹ rà kì í pẹ́ kó tó tú.

Àwọn tí kò gé tiwọn ló wá di àpẹẹrẹ. Afẹ́fẹ́ kò fi iyanrìn bo ọkà wọn mọ́, ewé igi ń di ajílẹ̀, àwọn obìnrin kò rin ìrìn wákàtí gbọọrọ mọ́ kí wọ́n tó rí igi ìdáná. Àwọn abúlé jókòó, wọ́n fi òfin lélẹ̀, wọ́n yan àwọn tó ń ṣọ́ igi, wọ́n sì fi ìtanràn lé e. Àwọn abúlé tó gbọ́n pe àwọn darandaran Fúlàní wọ ìgbìmọ̀ náà, torí ẹran kì í gbọ́ òfin tí olówó rẹ̀ kò bá wọn ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà dẹwọ́ òfin igi, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2004. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, igi ti padà sórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 5, iye igi náà sì tó mílíọ̀nù 200. Kùkùté ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

*Kí ló kàn wá níbẹ̀?*

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè sọ pé ilẹ̀ tiwa kì í ṣe aṣálẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò zaï ní Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, omi ni yóò rà á ní irúgbìn. A kò sọ pé ká gbé ihò wọn wálé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ká wò.

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìséyìn dé Ṣakí dé Kìṣí, gbogbo ayé mọ̀ pé òwò èédú ti gbilẹ̀. Igi ẹ̀mí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí kò yọ nínú rẹ̀, wọ́n ń gé e jó. Àwọn kùkùté yẹn ṣì wà nínú ilẹ̀ bíi ti Maradi. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan bá dá kùkùté sí lóko rẹ̀, tí ọmọ aládùúgbò sì wá gé e ṣe èédú, kí ni èrè rẹ̀? Àfi kí gbogbo abúlé fẹnu kò. Kí wọ́n sì wá iṣẹ́ mìíràn fún ọmọ tó ń fi èédú jẹun, torí òfin tí kò wo ti ikùn kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Ní ìgboro náà, bákan náà lọmọ ṣorí. Ẹ ò ní gbàgbé omíyalé Ògùnpa tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980. Ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òmíràn tún dé, omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, àwọn afárá wó, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún tún lọ. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti bá ìjọba kojú omíyalé Ìbàdàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí owó tó lè gba ìlú lọ́wọ́ ìdọ̀tí tí ará òkè odò ń dà sí ojú omi, tó ń lọ dí afárá mọ́ ará ìsàlẹ̀ odò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

A kò ní purọ́ fún yín, ó ní ibi tí ọwọ́ ará ìlú mọ. Ìlú Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ẹ̀rí. Lọ́dún 1947 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ sì jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná owó, débi pé òkìkí ìṣọ̀kan wọn kàn kárí ayé. Síbẹ̀, òkun ti gbé ilé wọn lọ lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀wẹ̀ kì í dí òkun. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, kò sì yẹ kí ìjọba fi ọ̀rọ̀ "ẹ ran ara yín lọ́wọ́" bo ojú iṣẹ́ tó já a kulẹ̀.

*Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀*

Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀ ju àwa lọ pé àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, à ń yí i ká ni: lónìí a wà lóko Àjàní, lọ́la a dé ti Àlàbí, kò sí ẹni tó máa jẹ gbèsè iṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó pè wá ló máa wá oúnjẹ àti ẹmu. Méjèèjì wúlò fún iṣẹ́ yìí. Kíkọ́ ojú àgbàrá láàárín oko, títo òkúta sí ibi tó dagun, gbígbin igi sí etí odò, kíkó ìdọ̀tí kúrò lójú omi, iṣẹ́ àáró ni gbogbo wọn. Títún ilé ẹni tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni.

Ohun tí Yatenga àti Maradi kọ́ wa kò ju márùn-ún lọ. Èkíní, kí ìpàdé má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: onílẹ̀, àjòjì tó ń dáko, obìnrin, ọ̀dọ́, darandaran. Èkejì, kí a mú ohun kan ṣoṣo tó ń dun gbogbo ènìyàn, ká ṣe é tán ká tó mú òmíràn. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ̀ pé tòun ni èrè rẹ̀, torí àjòjì tí wọ́n lè lé kúrò lórí ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní dá igi sí. Ẹ̀kẹrin, kí òfin àti ìtanràn wá láti ẹnu àwọn ará ìlú fúnra wọn. Ìkarùn-ún, kí a máa pàdé lẹ́yìn ìkórè láti sọ ohun tó yọrí sí rere àti èyí tó kùnà.

A tún lè fi àjọ kún un. Bí ẹgbẹ́ bá dá owó díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n fi irúgbìn pa mọ́, ẹni tí òjò àkọ́rọ̀ tàn jẹ á rí nǹkan tún gbìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, NiMet, máa ń sọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa tán ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó ní kí ọ̀rọ̀ náà parí sí ọ́fíìsì. Kí ẹgbẹ́ rán ọmọ kan tó mọ̀wé lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, kó gba ti agbègbè wọn wá, kó sì kà á ní ìpàdé ní èdè Yorùbá. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ Ọlọ́run, ó lè tàsé. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹnì kan ṣoṣo dúró ní ẹnu ọ̀nà, kó máa wo sánmà.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí àgbẹ̀ méjì yẹn bá tún pàdé lójú ọ̀nà oko, tí ọ̀rọ̀ òjò sì tún délẹ̀, kí wọ́n má kàn mi orí kí wọ́n túká. Kí wọ́n dá ọjọ́ àáró.